Wọ́n Ní Ohun Tí Ẹ Kọ Kò Rí Bẹ́ẹ̀: Kí Ni Kí Ẹ Ṣe?

Ìbéèrè: Kábà ni mo ti ń kọ̀wé. Àwa mẹ́ta la jọ ń bójú tó ìkànnì ìmọ̀ kan nípa ilẹ̀ Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí. Orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan, àwọn ọba tó ti jẹ, ọjọ́ ọjà, oríkì, ilé ìwé àti ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ka èdè wa ló wà níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ń lò ó, àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n àtúnṣe tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ ti bò wá mọ́lẹ̀, pàápàá lórí WhatsApp. Ìdílé méjì nílùú kan ti mú ká yí àtòkọ ọba ìlú wọn padà lẹ́ẹ̀mejì, àwọn méjèèjì sì ń bínú sí wa báyìí. Ọ̀kan nínú wa ní ká kúkú má gba àtúnṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Òkun o, ẹ̀yin àbúrò mi. Ẹ kú iṣẹ́ ilẹ̀ wa.

Ẹ má ti ilẹ̀kùn. Pípọ̀ tí àtúnṣe pọ̀ kọ́ ló dá wàhálà yín sílẹ̀. Ìdílé kìíní dé, ẹ yí àtòkọ padà fún wọn. Ìdílé kejì dé, ẹ tún yí i. Ẹni tó bá ka ojú ewé náà lónìí kò lè mọ̀ pé orúkọ mìíràn wà níbẹ̀ lóṣù tó kọjá, kò sì lè mọ ìdí tó fi kúrò. Ibẹ̀ ni wọn ò ti fọkàn tán yín mọ́. Òǹkàwé á fara da àṣìṣe tó bá ti rí i pé gbangba lẹ ti tún un ṣe. Ìkànnì tí ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ti ń borí ni kò ní fara dà. Nítorí náà, ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú: kí gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lójú ewé yín ní ibi tó ti wá, kí gbogbo ìyípadà sì fi àmì sílẹ̀ tí òǹkàwé lè rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti orísun. Ní 1934, ilé iṣẹ́ Merriam ní Amẹ́ríkà tẹ ẹ̀dà tuntun ìwé atúmọ̀ èdè ńlá wọn jáde. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ “dord”, wọ́n sì ní ohun tó túmọ̀ sí ni bí nǹkan ṣe ki tó. Kò sí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì rárá. Olóòtú tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ kẹ́mísírì ló kọ “D or d” sórí káàdì, láti fi hàn pé lẹ́tà D, ńlá tàbí kékeré, lè jẹ́ ìkékúrú fún “density”. Àwọn tó to káàdì kà á pọ̀ mọ́ra, ó bá di ọ̀rọ̀. Ọdún márùn-ún ló fi wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀, títí olóòtú kan fi ṣàkíyèsí ní 1939 pé gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù ló ní ìtàn ibi tí wọ́n ti wá, pé òfo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èyí. Ó tún pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó kúrò nínú ìwé náà pátápátá. Òfo yẹn ló tú àṣírí. Bí kò bá ti jẹ́ àṣà wọn láti kọ orísun sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀, kí ni olóòtú náà ì bá rí tí á fi fura?

Kí àtúnṣe mìíràn tó dé, ẹ padà sí àwọn ojú ewé tí èèyàn ń kà jù, kí ẹ sì kọ orísun sí ìdí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó bá ń sọ nǹkan pàtó: ìwé wo, ojú ewé wo, tàbí ẹnu ta ni, nílùú wo, lọ́dún wo. Èyí tí ẹ kò bá rí orísun rẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé “a ṣì ń wá orísun ọ̀rọ̀ yìí”. Kì í ṣe ìtìjú. Bí ẹnì kan bá wá ní irọ́ ni gbólóhùn náà, ẹ ti ní ohun tí ẹ máa fi wé ohun tó mú wá. Láìsí i, ẹnu ẹ̀yin àti ẹnu tirẹ̀ ló kù, ẹni tó bá pariwo jù ló sì máa borí.

Àwọn tó ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ náà, ẹ ní láti kọ́ wọn ní ohun tí ẹ fẹ́ gbà. Nígbà tí James Murray bẹ ará ìlú ní 1879 pé kí wọ́n bá òun kó ọ̀rọ̀ jọ fún ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ilé ìtẹ̀wé Oxford fẹ́ tẹ̀, kò kàn sọ pé kí wọ́n fi ohunkóhun tí wọ́n bá mọ̀ ránṣẹ́. Ó ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sórí bébà kékeré, kí wọ́n kọ gbólóhùn tí wọ́n ti rí i, orúkọ ẹni tó kọ ìwé, orúkọ ìwé, ojú ewé àti ọdún. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ àwọn èèyàn tí kò mọ ara wọn rí fi ṣeé tò pọ̀. Kí fọ́ọ̀mù tiyín náà béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀: ojú ewé wo ni, gbólóhùn wo gan-an, báwo ló ṣe yẹ kó rí, ibo lẹ ti mọ̀ ọ́n. Kó mọ níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù gígùn kì í ṣí dáadáa níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò ti lágbára, àwọn tó mọ nǹkan jù kì í sì ráyè kọ ọ́.

Àwọn tó mọ nǹkan jù yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fún ní àkíyèsí jù lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kọ ímeèlì. Wọ́n á pè yín, tàbí kí ọmọ-ọmọ wọn bá wọn fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ ra síìmù kan tó jẹ́ ti ìkànnì nìkan, kí ọ̀rọ̀ wọn má bàa wà káàkiri fóònù ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fóònù lè sọnù, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lè parẹ́. Kí ẹnì kan máa tẹ́tí sí ohùn wọ̀nyí lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, kó kọ wọ́n sínú ìwé àkọsílẹ̀, kó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ìwé ajákọ lásán tó. Ọjọ́, ojú ewé, ohun tí wọ́n ní kí ẹ yí, ẹ̀rí, ìpinnu yín, ìdí ìpinnu, ẹni tó ṣe é. Ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí ẹni tó mú àtúnṣe wá, kó lè fi béèrè lọ́jọ́ iwájú.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà béèrè ẹ̀rí tún gba ọgbọ́n. Bí bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún bá pè láti Ìsánlú pé ibi tí ẹ kọ pé wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀dó kò rí bẹ́ẹ̀, tí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wá dá a lóhùn pé “Ẹ̀rí dà, bàbá?”, ẹ ti lé bàbá náà lọ, kò sì ní pè mọ́ láé. Etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ pé irọ́ lòun ń pa. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ná, kí ẹ wá bi í pé: “Bàbá, ẹnu ta lẹ ti gbọ́ ọ? Báwo lẹ ti dàgbà tó nígbà yẹn? Ta ló tún kù nílùú tó lè bá wa sọ ọ́?” Inú gbogbo àgbà ló ń dùn láti dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí, àwọn gan-an sì ni ẹ̀rí tí ẹ ń wá. Àkọ́kọ́ fi ọ̀nà tí ìtàn náà gbà dé ọwọ́ rẹ̀ hàn. Èkejì jẹ́ kí ẹ lè fojú bu ọdún rẹ̀. Ẹ̀kẹta fún yín ní ẹlẹ́rìí mìíràn. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ka ohun tí ẹ kọ padà sí i létí kó lè bá yín tún un ṣe, kí ẹ sì bi í bóyá ó fẹ́ kí orúkọ òun hàn. Bí kò bá fẹ́, “àgbà kan ní Ìsánlú”, pẹ̀lú oṣù àti ọdún tó sọ ọ́, ti tó fún orísun.

Nígbà tí ẹ bá wá ń wo àtúnṣe tó wọlé, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní àṣìṣe kì í ṣe àṣìṣe. Ohun tí ẹ̀yin ń kà yàtọ̀ sí ohun tí ẹni náà ń kà ni. Ẹ wo iye ìjọba ìbílẹ̀. Ẹnì kan á ní márùn-ún la jẹ́: Kábà/Bùnú, Ìjùmú, Mọpà-Mùrò, Yàgbà East àti Yàgbà West. Ẹlòmíràn á ní méje ni, ó sì tọ̀nà, torí ẹkùn ìdìbò sẹ́nétọ̀ ìwọ̀-oòrùn Kogí ló ń kà, èyí tó kó Lọ́kọ́ja àti ìjọba ìbílẹ̀ Kogí mọ́ márùn-ún yẹn. Ẹnì kẹta á bínú pé ẹ ti gbàgbé àwọn Ọ̀wọ́rọ̀. Òun náà tọ̀nà, torí ara wa ni wọ́n, inú ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́kọ́ja ni wọ́n sì wà. Bí ẹ bá yí márùn-ún sí méje, ẹlòmíràn á dé lọ́la pé kí ẹ dá a padà. Ẹ fi nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ ń kà síwájú rẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ Ọ̀wọ́rọ̀ níbi tó yẹ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á rí ara wọn nínú ohun tí ẹ kọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí sí Kábà ní 1960, abẹ́ Kabba Province ní Àríwá Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni ìjọba dá ìpínlẹ̀ tó wá di Kwara sílẹ̀, abẹ́ rẹ̀ la sì wà títí di ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, tí wọ́n fi apá kan Kwara àti apá kan Benue ṣe Kogí. Ẹ ó máa rí àtúnṣe lọ́tùn-ún lósì lórí èyí. Ọmọ kan á ní ìwé ẹ̀rí bàbá òun sọ pé Kwara, olùkọ́ kan á ní Kogí ló yẹ kó jẹ́. Ẹ kọ orúkọ tí ibẹ̀ ń jẹ́ nígbà tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, kí ẹ wá fi ti òní tẹ̀ lé e. Kí ẹ kọ òfin yìí sójú ewé kan tí gbogbo èèyàn lè kà, kí ẹ má bàa máa ro ẹjọ́ kan náà lójoojúmọ́.

Àṣìṣe tó hàn gbangba kò nílò ìpàdé. Bí ẹ bá ti kọ ìlú mìíràn sí ibi tó yẹ kí ẹ kọ Ìyàrá gẹ́gẹ́ bí olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ náà, kí ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ tún un ṣe. Ti àkọtọ́ náà rọrùn: Aiyetoro ló wà lára pátákó, àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974 sì ní Ayétòrò. Ẹ kọ ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá tẹ ìkejì débẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ará Kábà bá ní ọ̀rọ̀ Yàgbà kan kò tọ̀nà, ẹ má yí i sí Ọ̀wé, ẹ̀ka èdè Kábà, ẹ má sì yí i sí Yorùbá àjùmọ̀lò. Ọ̀rọ̀ Yàgbà, ará Yàgbà ni kí ẹ bi.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó wà láàyè kò gbọ́dọ̀ pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ní 2005, ẹnì kan kọ ìtàn èké nípa oníròyìn ará Amẹ́ríkà kan, John Seigenthaler, sínú Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé wọ́n fura sí i nínú pípa Ààrẹ Kennedy. Ó tó oṣù mẹ́rin kó tó kúrò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ní ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò lè dá ojú ewé tuntun sílẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Bí ẹnì kan bá ké sí yín pé ẹ ti ba òun lórúkọ jẹ́, tí ẹ kò sì ní orísun tó dúró ṣinṣin, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ tó wá wádìí. Òfin Nàìjíríà lórí ìdáàbòbò ìsọfúnni ẹni, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí wọ́n tún ohun tí kò tọ̀nà nípa òun ṣe.

Ó wá kan àtòkọ ọba. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní tiyín, ẹjọ́ méjì lẹ gbọ́, ìdájọ́ méjì lẹ sì dá, torí ẹ kò gbọ́ wọn pọ̀. Ẹ rántí ìrìn tí ìlú wa ti rìn. Ogun Núpé dà wá láàmú púpọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ìlú sá gun orí òkè, ìdílé pínyà. Ìgbà tí ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, dé Kábà, tí wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà, olú ìlú Núpé, ní oṣù Kìíní ọdún 1897 ni agbára yẹn tó já. Àwọn òyìnbó tó wá ṣàkóso lẹ́yìn náà kọ ohun tí àwọn tó wá síwájú wọn sọ fún wọn. Ẹni tí kò lọ, wọn kò kọ tirẹ̀. Nítorí náà, bí ìdílé kan bá gbé ìwé ìjọba àtijọ́ wá, ẹ gbà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ohun tí ìwé náà jẹ́rìí sí ni pé ìjọba mọ ẹni yẹn ní ọba lọ́dún yẹn. Kò lè sọ ẹni tó jẹ ṣáájú rẹ̀. Ìdílé méjèèjì lè máa sọ òtítọ́ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu baba wọn, kí ó sì yàtọ̀.

Ẹ fi àtòkọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ lè wá rí i pé orúkọ bíi mélòó kan péré ni wọ́n ń jà lé lórí, tàbí pé ẹni tí ìdílé kan pè ní ọba ni ìkejì pè ní adelé. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ gan-an lójú ewé, kí ẹ sọ ẹni tó wí èwo. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi han ìdílé kọ̀ọ̀kan, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì lè tún ìtàn tirẹ̀ nìkan ṣe. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ti èkejì. Ẹ má gba owó, ẹ má gba àpò ìrẹsì, kódà bí wọ́n bá ní ìdúpẹ́ lásán ni.

Ẹ pín iṣẹ́ pẹ̀lú. Ní 1997, ìwé ìròyìn The Guardian ní Lọ́ńdọ̀nù yan Ian Mayes sí ipò kan tó jẹ́ pé ẹjọ́ àwọn òǹkàwé nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, kó lè dá a láìsí pé olóòtú àgbà ń pàṣẹ fún un. Ẹ̀yin mẹ́ta tó fún irú ètò bẹ́ẹ̀: ẹni tó kọ ojú ewé kọ́ ni kó ṣe ìdájọ́ àtúnṣe rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú yín bá sì jẹ́ ọmọ ìdílé kan nínú ìjà yìí, kó yọwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ pé ó yọwọ́.

Ẹ wo irú ẹ̀rọ tí ẹ ń lò. Bí ó bá jẹ́ MediaWiki, èyí tí Wikipedia ń lò, gbogbo ìyípadà ló máa ń hàn sí òǹkàwé fúnra rẹ̀. WordPress náà ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní kọ́kọ́rọ́ nìkan lẹ lè rí i. Ẹ ní láti fọwọ́ kọ àkíyèsí sísàlẹ̀: ọjọ́, ohun tó wà tẹ́lẹ̀, ohun tó wà báyìí, ìdí. Ẹ má sì yí àdírẹ́ẹ̀sì ojú ewé padà, torí àwọn olùkọ́ ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rí tó jẹ́ ohùn ẹ̀yin fúnra yín. Ẹnì kan lè gbé ìwé pẹlẹbẹ ayẹyẹ wá, kó ní “ẹ wò ó, ó wà nínú ìwé”, kó sì jẹ́ pé ojú ewé yín àtijọ́ ni wọ́n dà kọ. Ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi wé ìgbà tí ẹ̀yin kọ́kọ́ kọ ọ́. Wayback Machine ti Internet Archive lè fi bí ojú ewé yín ṣe rí nígbà yẹn hàn yín, bí ó bá ti ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ẹ kò bá gba àtúnṣe kan, ẹ dáhùn síbẹ̀. Ẹ kọ irú èyí: “Ẹ ṣeun. A ti rí ohun tí ẹ sọ. Ìwé báyìí sọ nǹkan mìíràn, a kò sì tíì yí i, ṣùgbọ́n a ti kọ ọ́ sójú ewé pé àwọn kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí ìwé tàbí ẹlẹ́rìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ránṣẹ́.” Ẹni tó bú yín láìsọ nǹkan pàtó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má tún orúkọ ọba kankan fi kún un, ẹ má sì yọ ọ̀kankan. Ẹ kọ èyí síbẹ̀: “A ti yí àtòkọ yìí padà lẹ́ẹ̀mejì láìsọ ìdí. Ẹ̀dà méjèèjì rèé, pẹ̀lú ọjọ́ tí a gbé wọn jáde. A ń bá ìdílé méjèèjì sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé tàbí ìtàn lè pè wá lórí nọ́ńbà yìí.” Kí ó wà lókè, ṣáájú orúkọ àkọ́kọ́, kì í ṣe nísàlẹ̀ níbi tí ojú òǹkàwé kò ní dé.